Ààbò ìsàlẹ̀ ara fún họ́kì orí síkéètì: kí ni kí n rà fún àwọn ọmọ, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ìyá Agbábọ́kì (Katy, Texas)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ti wọ ẹgbẹ́ họ́kì orí síkéètì ní àdúgbò wa. Ti orí yìnyín kọ́ o. Èyí tí wọ́n ń gbá nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n fi táìlì oníke tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni, pẹ̀lú bàtà tí táyà mẹ́rin tò tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 14, ti ní òun náà máa gbá a.

Akoto, ìbọ̀wọ́ àti ààbò ìgúnpá ti wà nílẹ̀. Aládùúgbò wa kan tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà ló fi ta wá lọ́rẹ. Ohun tó kù ni láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tó wà nínú ìwé tí kóòṣì fún wa ni shin guard (ààbò ojúgun), girdle (ṣòkòtò péńpé onífóòmù), ṣòkòtò ìbora àti kọ́ọ̀pù (ààbò abẹ́). Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tajà ní kí n kàn ra ṣòkòtò họ́kì orí yìnyín, pé ó ti kó gbogbo ẹ̀ já. Bàbá wọn ní ààbò ojúgun tí ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti tó, kí a má tún náwó sí òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí eré yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Èwo ni mo gbọ́dọ̀ rà ní tuntun, èwo ni mo lè rà ní àlòkù?

Kóòṣì St. Louis

Ẹ ǹlẹ́ ma, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ bàbá wọn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lè pa ọmọ lára jù. Ààbò ojúgun ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kì í bo orúnkún, orúnkún sì ni ilẹ̀ kọ́kọ́ ń gbà nínú eré tiwa. Ẹni tó bá ṣubú lórí yìnyín á yọ̀ lọ síwájú, agbára ìṣubú yẹn á ti rọ̀ kó tó dúró. Táìlì oníke kì í jẹ́ kéèyàn yọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń di ara mú. Ibi tí orúnkún bá balẹ̀ sí ló máa gba gbogbo ìwúwo ọmọ, bí awọ bá sì wà níhòòhò, á bó.

Shin guard ti họ́kì ní abọ́ ike líle kan tí ọmọrí orúnkún máa ń wọ̀ sí, àti pátákó ike gígùn tó bo ojúgun wá sílẹ̀, fóòmù á wá yí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ojúgun ká. Èyí tó dára tún máa ń ní fóòmù pẹlẹbẹ kan lókè abọ́ orúnkún, tó ń bo ìsàlẹ̀ itan. Ẹ má fojú kéré fóòmù yẹn. Àlàfo máa ń wà láàárín ibi tí girdle parí sí àti ibi tí shin guard ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni igi họ́kì àti puck (ohun róbótó pẹlẹbẹ tí à ń fi igi gbá dípò bọ́ọ̀lù) sábà máa ń bà.

Ínṣì ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n rẹ̀. Kí ọmọ wọ síkéètì rẹ̀, kó so okùn rẹ̀ dáadáa, kó jókòó sórí àga, kó ká orúnkún, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀. Ẹ ta téèpù láti àárín ọmọrí orúnkún wá sí ẹnu bàtà lókè. Iye ínṣì tí ẹ bá rí ni nọ́ńbà tí ẹ máa wá. Ti àwọn ọmọ kéékèèké sábà máa ń jẹ́ 7 sí 9, ti ẹgbẹ́ ọmọ yín 10 sí 12, ti àgbà bẹ̀rẹ̀ láti 13 lọ sókè. Ẹ má torí ọjọ́ orí mú nọ́ńbà o. Ẹsẹ̀ ọmọ ni kí ẹ wò.

OníSíkéètì Dallas

Kóòṣì ti sọ ọ́ tán, ó kàn ku ahọ́n bàtà. Ahọ́n síkéètì gùn, ó sì nípọn. Àwọn kan máa ń tì í sẹ́yìn shin guard, kí ike bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn á fà á jáde kó wà níwájú. Ẹni tó bá tì í sẹ́yìn lè lo shin guard tó gùn díẹ̀ sí i; ẹni tó bá fà á síwájú, èyí tó kúrú díẹ̀ ló máa bá a mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu shin guard á máa gún ahọ́n bàtà nígbà gbogbo tí ọmọ bá tẹ orúnkún, ọmọ ò sì ní lè sáré. Ẹ bi í kí ẹ tó sanwó. Èmi fara mọ́ kí ahọ́n wà lẹ́yìn, torí puck tó bá fò wá sí ọrùn ẹsẹ̀, ike ló máa bá.

Ẹ wo okùn rẹ̀ náà. Méjì ló sábà máa ń ní, ọ̀kan lábẹ́ orúnkún, èkejì nísàlẹ̀. Tòkè yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù, òun ni kì í jẹ́ kí shin guard yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ó fún, àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá ń kú mọ́ ọmọ lára, ẹ dẹ̀ ẹ́.

Ìyá Agbábọ́kì

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹ ṣe sọ: ínṣì 11 àti ààbọ̀. Ṣé 11 ni kí n rà àbí 12? Ọmọ yìí ń ga lójoojúmọ́, ó ń ṣe mí bíi kí n tiẹ̀ ra 13 kó lè lò ó pẹ́.

Kóòṣì St. Louis

12 ma. Ẹ má ra 13. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la dàgbà sínú aṣọ tí wọ́n rà tóbi kí ó lè pẹ́ lára wa, àmọ́ èyí kì í ṣe aṣọ. Bí shin guard bá gùn jù, nígbà tí ọmọ bá ká orúnkún, ẹnu bàtà á ti gbogbo rẹ̀ sókè, abọ́ á kúrò lórí ọmọrí orúnkún á lọ sórí itan. Orúnkún á wá jókòó sí ibi tí abọ́ àti pátákó ti so pọ̀, ibẹ̀ sì rèé, aṣọ lásán ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Bó bá kúrú jù ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ojúgun á wà níta lókè bàtà.

Ẹ dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Kó wọ shin guard àti síkéètì, kó lóṣòó, kó dìde, kó rìn. Lẹ́yìn náà kó kúnlẹ̀. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀. Bí ọmọrí orúnkún bá jókòó sí àárín abọ́ nígbà tó wà nílẹ̀, tí kò sì kúrò níbẹ̀ nígbà tó dìde, ẹ ti rí èyí tí ẹ ń wá. Èyí ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára lọ. Bauer ni o, CCM ni o, Mission ni o, bí kò bá bá ẹsẹ̀ ọmọ mu, owó ẹ ti ṣòfò.

Ọmọ Èkó ní California

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ṣòkòtò. Ẹni tó ní kí ẹ ra ti orí yìnyín ò purọ́ pé ó ń dáàbò boni, àmọ́ ohun mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Lórí yìnyín, puck jẹ́ rọ́bà líle tó wúwo tó gíráàmù 156 sí 170, àwọn àgbà sì máa ń fara kọlu ara wọn mọ́ ògiri. Ìdí nìyẹn tí ṣòkòtò wọn fi nípọn, tó fi ga dé ibi kíndìnrín. Nínú eré tiwa, puck jẹ́ ike, ó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, ó ní àwọn ẹsẹ̀ róbótó kéékèèké tó fi ń yọ̀ lórí táìlì. Òfin ò sì gbà kí a mọ̀ọ́mọ̀ fi ara gbá ara. A kì í pọ̀ lórí pápá: mẹ́rin péré àti gólì, márùn-ún àti gólì ni ti yìnyín. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ wá pọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ooru sì ń mú gan-an, pàápàá ní Texas níbi tí gbọ̀ngàn mìíràn ò ti ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ọmọ tó bá wọ ṣòkòtò yìnyín nínú oṣù kẹjọ, ó máa rẹ̀ ẹ́ kí eré tó dé ìdajì, ẹni tó bá sì ti rẹ̀ ló ń ṣubú.

Ohun tí à ń lò ni girdle. Ó dà bíi ṣòkòtò péńpé tó lẹ̀ mọ́ ara, fóòmù wà ní ìgbáròkó, itan àti egungun ìdí. Orí rẹ̀ la máa wá wọ ṣòkòtò gígùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fẹ̀ sí, tó bo shin guard pátá dé orí bàtà, tó ní ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ṣòkòtò yẹn fúnra rẹ̀ kò ní ààbò kankan nínú. Torí náà bí owó ò bá tó, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fowó pamọ́. Ṣòkòtò àlòkù tí wọ́n ti lẹ̀ ní orúnkún kò ṣe nǹkan kan. Kí ẹ ṣáà rí i pé ó fẹ̀ tó láti kọjá lórí shin guard, pé ó ní bẹ́líìtì tàbí okùn tó lè fún ìbàdí, kó má baà já wálẹ̀ kí táyà gùn ún mọ́lẹ̀.

Ní ti girdle, èmi yóò mú èyí tó fúyẹ́ jù lọ. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá yá gágá á yẹra fún nǹkan.

Bàbá Ìbejì (Maryland)

Ẹ̀gbọ́n California, mo gbà pẹ̀lú yín lórí gbogbo rẹ̀ àyàfi èyí tó kẹ́yìn yẹn. Àgbà tó ti mọ síkéètì rìn lẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í ṣubú síwájú nìkan, ẹ̀yìn ló ń ṣubú sí jù, ìdí ló sì ń fi ń gúnlẹ̀ lórí táìlì. Àwọn girdle fífúyẹ́ kan wà tó jẹ́ pé fóòmù tín-ín-rín ló wà ní ìgbáròkó, tí kò sí nǹkan kan rárá lẹ́yìn. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ń gbá eré yìí, èyí tó ní ike líle nínú fóòmù ní egungun ìdí ni mo rà fún wọn, ara wọn sì ń yá gágá nínú ẹ̀.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: mo máa ń ki ọwọ́ kan bọ inú girdle, màá fi ìka ọwọ́ kejì tí mo ká kò kan ibi tó máa bo egungun ìdí láti ìta. Bí mo bá mọ̀ ọ́n lára ní inú bí ẹni pé aṣọ lásán ló wà láàárín, màá dá a padà sórí pẹpẹ. Màá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìgbáròkó àti iwájú itan. Lẹ́yìn náà màá ní kí ọmọ wọ̀ ọ́, kó tẹ̀ síwájú. Bí ẹ̀yìn ìbàdí bá yọ síta nígbà tó tẹ̀, ó kúrú fún un.

Ọmọ Èkó ní California

Òótọ́ lẹ sọ, sà. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí ìdí nípọn. Bó bá ti mọ ìdúró, kó wá yí i padà.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Mo rí i pé gbogbo yín rọra fo kọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi bò. Kọ́ọ̀pù kì í ṣe ohun tí a ń yàn bóyá a máa wọ̀ ọ́. Ọmọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ wọ pápá láìwọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin náà ní tirẹ̀, jill ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ pẹrẹsẹ ju ti ọkùnrin lọ, ó sì ń gba ìkọlù tó bá bá egungun abẹ́. Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ti ẹ̀gbọ́n náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé obìnrin ò nílò rẹ̀.

Ìbàdí ni wọ́n fi ń mú ìwọ̀n rẹ̀. Kó lẹ̀ mọ́ ara. Kọ́ọ̀pù tó bá ń rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún lè há ẹran ara mọ́ ẹnu rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá bà á. Ṣòkòtò péńpé tó ní àpò kọ́ọ̀pù níwájú máa ń dì í mú ju okùn lásán lọ. Òmíràn nínú wọn ní velcro (aṣọ tó ń lẹ̀ mọ́ra) nísàlẹ̀ tí àwọn tó ń gbá a lórí yìnyín fi ń so ìbọ̀sẹ̀ gígùn wọn. Ẹ̀yin ò nílò ìyẹn, ṣòkòtò yín ti bo shin guard. Tuntun ni kí ẹ ra kọ́ọ̀pù. Òun nìkan ni mi ò ní gbà kí ẹ rà ní àlòkù.

Bí nǹkan bá gbá ọmọkùnrin lábẹ́, ìrora náà sábà máa ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá kọjá wákàtí kan tí kò lọ, tàbí tó wú, tàbí tí ọmọ ń bì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ sì sọ fún ọmọ ṣáájú pé kò sí ìtìjú nínú ẹ̀, torí àwọn ọmọkùnrin máa ń pa á mọ́ra.

Ibi tí awọ bá ti bó lára táìlì, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ tó wá nǹkan bò ó. Òógùn tó gbẹ sára fóòmù máa ń gbin kòkòrò sínú egbò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti délé, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde nínú báàgì, ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú bùútù ọkọ̀ mọ́jú.

OníSíkéètì Dallas

Ẹ ṣeun Nọ́ọ̀sì. Ní ti fífọ̀: bí ike inú girdle bá ṣe é yọ, ẹ yọ ọ́. Ẹ pa velcro dé kó má baà fa aṣọ ya. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀. Ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, ooru rẹ̀ máa ń ba fóòmù àti gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ jẹ́.

Ìyá Agbábọ́kì

Ọlọ́run á bù kún yín o. Shin guard ńkọ́? Mo rí àlòkù tó mọ́ tónítóní ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù Play It Again Sports, owó rẹ̀ kò tó ìlàjì tuntun.

Bàbá Ìbejì (Maryland)

Ẹ lè rà á ma. Ọmọ á dàgbà kúrò nínú ẹ̀ kó tó gbó, ìdí nìyẹn tí àlòkù tó dára fi pọ̀ nílùú. Ẹ mú un lọ síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rọra tẹ pátákó náà bí ẹni fẹ́ ká a. Bí ó bá ti sán, ìlà funfun á yọ lára ike. Abọ́ orúnkún ni kí ẹ wò jù. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀; bí kò bá dìde padà, ó ti kú. Okùn tó ti rọ̀ kì í ṣe ìṣòro, wọ́n ń ta okùn lọ́tọ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ náà o.

Ará Köln

Ẹ kú ìjíròrò. Níbí ní Jámánì, bọ́ọ̀lù líle ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò dípò puck, wọ́n sì gbà kí a fara kan ara. Bọ́ọ̀lù máa ń ta sókè ju puck lọ, torí náà iwájú itan àti abẹ́ ló ń jìyà. Ẹni tó bá ń ka èyí láti ìlú tí wọ́n ti ń gbá ti bọ́ọ̀lù, kí ó mú girdle tí ike rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí orúnkún.

Ọ̀dọ́ Sùúrùlérè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwa kan ń gbá tiwa lórí títì ọlọ́dà, igi àti bọ́ọ̀lù tẹníìsì la fi ń ṣe é. Kò sí ẹni tó ń ta shin guard họ́kì ládùúgbò wa. Ṣé ààbò orúnkún àwọn ọlọ́kadà lè ṣe é? Èyí tó gùn wá sí ojúgun.

Kóòṣì St. Louis

Àbúrò, ẹ kú ìmúra. Ó sàn ju kéèyàn lọ lásán lọ dáadáa, torí ó bo orúnkún àti ojúgun, ike rẹ̀ sì le. Lórí ọ̀dà, ike ni kó wà níta, kó má jẹ́ fóòmù tàbí aṣọ: ike á yọ̀ lórí ọ̀dà, fóòmù á mú un, orúnkún á sì yí. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn sábẹ́ rẹ̀ kó má baà máa yọ̀ wálẹ̀ nínú òógùn, ẹ wo bí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ ṣe sún mọ́ bàtà tó. Bí àlàfo bá wà níbẹ̀, ẹ fi ààbò ojúgun ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ bò ó lábẹ́. Pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tẹníìsì, ìyẹn á ṣe yín lóore. Bí ẹ bá bọ́ sí puck tàbí bọ́ọ̀lù líle, ẹ wá ti họ́kì gan-an, kí ẹ sì má gbàgbé kọ́ọ̀pù.

Ìyá Agbábọ́kì

Mo ti rà á o. Shin guard àlòkù 12 fún ọmọkùnrin, 13 fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo tẹ̀ wọ́n bí Bàbá Ìbejì ṣe sọ, fóòmù wọn dìde padà. Girdle tuntun tí ìdí rẹ̀ nípọn, méjì. Kọ́ọ̀pù àti jill tuntun. Ṣòkòtò àlòkù ni mo mú fún àwọn méjèèjì. Bàbá wọn ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ó ní kí n kí yín, ó sì ti gbà pé ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò tó.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọmọbìnrin yìí ń sọ pé gólì ló wu òun láti ṣọ́. Ṣé ohun tí mo rà yìí náà ló máa lò?

Kóòṣì St. Louis

Rárá ma. Ààbò ẹsẹ̀ gólì yàtọ̀ pátápátá, ó tóbi, ó gùn kọjá orúnkún, owó rẹ̀ sì wọ́n gan-an. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọdé ní ti gólì tí wọ́n ń yá àwọn ọmọ lò. Ẹ bi kóòṣì wọn. Jill kò ṣòfò, àmọ́ ti gólì nípọn ju èyí tí ẹ rà lọ, kó lo èyí tí ẹ rà nígbà tó bá ń gbá iwájú. Kó kọ́kọ́ fi oṣù díẹ̀ mọ síkéètì rìn. Bó bá ṣì wù ú nígbà náà, ẹ padà wá síbí, a ó jọ wo ti gólì lọ́tọ̀.